Kúrúnà Ẹlẹ́dẹ̀ àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń fi ara họ ògiri ṣáá, tí èépá sì bo inú etí rẹ̀, ẹ fura sí kúrúnà. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ ló ń fà á. Dókítà ẹran lè họ èépá etí yẹ̀ wò kó má rí i. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wúlò. Kì í ṣe kòkòrò ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ara ẹran pèsè láti bá a jà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú o! Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 5 sí 7 kí ẹ̀jẹ̀ tó fi í hàn. Akọ tí ẹ rà lánàá, bí àyẹ̀wò tiẹ̀ ní kò ní nǹkan, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 2. Ẹ̀jẹ̀ èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ tó sì ti sàn ṣì lè máa fi àmì hàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má tìtorí ìyẹn pa á. Ẹran kan ṣoṣo kò tó wò, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú agbo. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ jọ ń lo akọ kan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló ń gbé kúrúnà láti ọgbà dé ọgbà.