Ìràwọ̀ Tí Ń Ṣẹ́jú Lápá Ìlà-Oòrùn

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ìkùukùu òjò ti ká kúrò lójú ọ̀run, tí òru sì dúdú kirikiri, ìmọ́lẹ̀ kan a máa yọ lápá ìlà-oòrùn tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó bá rí i tètè wọlé lọ sùn: bí ó ti ń pọ́n ni ó ń funfun, kí a tó wí kí a tó fọ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, ó ti di àwọ̀ aró. Àwọn kan a ní iná àjẹ́ ni, àwọn mìíràn a ní ọkọ̀ àjèjì ni láti ayé mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ojú méjì àti sùúrù sì ti tó láti fi mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà í ṣe.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ wò ni ìrìn rẹ̀. Kí olùwòran fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ó má yẹsẹ̀, kí ó sì fi ṣóńṣó òrùlé kan tàbí orí òpó iná sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà wà. Bí ó bá ti fi àmì náà sílẹ̀ kí a tó ka ení, èjì, dé ogún, kì í ṣe ìràwọ̀. Bàálù ni, bí iná pupa bá wà ní ìyẹ́ òsì rẹ̀, tí iná àwọ̀ ewé wà ní ìyẹ́ ọ̀tún, tí iná funfun kan sì ń bù yẹ̀rì lóòrèkóòrè. Sátẹ́láìtì ni, bí ó bá ń lọ jẹ́ẹ́ láìdún, tí ó sì parẹ́ lójijì láàrin ọ̀run, nítorí pé ó ti wọ inú òjìji ayé, níbi tí ìtànṣán oòrùn tí ó fi ń dán kò ti lè bá a mọ́. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, ibùdó àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú, wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, ó sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gòkè, tí àwọn ìràwọ̀ tí ó yí i ká sì ń bá a gòkè, a jẹ́ pé ọmọ ìyá wọn ni.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo bí ó ti ń tàn. Àwọn baba wa mọ àgùàlà dájú, wọ́n sì fi í pa òwe pé, àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Pláńẹ́ẹ̀tì ni àgùàlà, gẹ́gẹ́ bí ayé tí a ń gbé, kò sì sí ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa dúró ṣinṣin, kì í sì í jìnnà sí oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni a ti ń rí i ní ìrọ̀lẹ́, tàbí ìlà-oòrùn ní ìdájí, a kì í bá a lókè àtàrí ní ọ̀gànjọ́. Júpítà, pláńẹ́ẹ̀tì mìíràn, lè wà níbẹ̀ ní ọ̀gànjọ́, ṣùgbọ́n òun náà kì í sábà ṣẹ́jú.

Èyí tí ń ṣẹ́jú, tí ń pàwọ̀ dà, tí a ń rí lójú ọ̀run ilẹ̀ wa ní nǹkan bí agogo 9 alẹ́ láàrin oṣù Kejìlá, Sirius ni, ọba àwọn ìràwọ̀ òru, atànyanran-borí-ẹgbẹ́, òun náà tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń ṣọ́ kí ó yọ ní ìdájí láti mọ̀ pé odò Náílì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí, ẹ gbójú sókè díẹ̀: ẹ óò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò sórí ìlà kan, àwọn ni àmùrè Òríónì tí ìwé Jóòbù dárúkọ. Ẹ fi ojú tọ ìlà náà wálẹ̀ síhà gúúsù, yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ Sirius. Ìmọ́lẹ̀ a máa sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, èyí tí ó wọ ojú yín lálẹ́ òní ti kúrò lọ́dọ̀ Sirius láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ààbọ̀ sẹ́yìn.

Ta ni ó wá ń ṣẹ́jú? Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí: ìràwọ̀ kò mì, afẹ́fẹ́ tiwa ni kò jókòó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti èyí tí ó tutù ń pààrọ̀ ipò lókè orí wa, wọ́n ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, gẹ́gẹ́ bí omi ṣíṣàn ti í mú kí òkúta ìsàlẹ̀ odò dà bí ohun tí ń jó. Kì í sì í ṣe bákan náà ni wọ́n ń tẹ gbogbo àwọ̀. Nítorí náà ni pupa fi ń hàn nígbà tí àwọ̀ aró bá fara sin. Bí ìràwọ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá ju ìlọ́po 30 ti ìràwọ̀ òkè àtàrí lọ. Àgùàlà bọ́ nínú èyí nítorí pé ó sún mọ́ wa, ojú rẹ̀ sì fẹ̀: bí apá kan ti ń ṣú ni apá kejì ń mọ́, a kò sì mọ ìyàtọ̀.

Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ ní ọdún 1704 pé awò tí a fi ń wo ọ̀run kò lè wo àìsàn yìí sàn, pé orí òkè gíga níbi tí afẹ́fẹ́ ti parọ́rọ́ ni ètùtù rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé awò ńláńlá gun orí òkè, tí Amẹ́ríkà sì fi gbé awò Hubble kọjá afẹ́fẹ́ ayé ní ọdún 1990.

Bí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ padà síbi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ kejì. Ìràwọ̀ a máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 yá ju ti àná lọ kí ó tó dé ojú àmì, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wákàtí 1 yá lẹ́yìn ọjọ́ 15. Bàálù kò mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, sátẹ́láìtì kò mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá pa á mọ́ láìyẹ̀, ìràwọ̀ ni.