Ojú Tí Ó Wà Lábẹ́ Ojú

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí bí a ti ń mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwòrán ìsìn àtijọ́ àti ohun tí ó fara sin sábẹ́ ọ̀dà rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó mú.

Nínú Kátídírà St Bavo ní ìlú Ghent, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwòrán pẹpẹ ńlá kan wà tí a kùn sára pákó. Àkọlé ara férémù rẹ̀ wí pé Hubert van Eyck ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé Jan àbúrò rẹ̀ ni ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1432. Ní àárín rẹ̀ ni Ọ̀dọ́-Àgùntàn Ọlọ́run dúró sí, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti àyà rẹ̀ dà sínú ife.

Ní nǹkan bí ọdún 1550, àwọn ayàwòrán mìíràn kun ọ̀dà tuntun lé e lórí. Nígbà tí ó di 1951, àwọn tí ń tún un ṣe fá ọ̀dà díẹ̀ kúrò lẹ́bàá orí Àgùntàn náà, ni etí méjì mìíràn bá yọ. Wọ́n dúró síbẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, etí mẹ́rin ni Àgùntàn Ọlọ́run ní!

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọwọ́ méjì ni ó kun àwòrán kan? X-ray ń ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé òjé inú ọ̀dà funfun àtijọ́ kì í jẹ́ kí ìtànṣán kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó dá mi lójú jù kéré púpọ̀. A ó bu ìpẹ́pẹ́ ọ̀dà tín-ín-tín, a ó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, a ó sì rí ìpele lórí ìpele bí ara àlùbọ́sà. Bí ọ̀dà òkè bá ti wọ inú sísán tí ó wà lára ti ìsàlẹ̀, a mọ̀ pé ti ìsàlẹ̀ ti gbẹ, ó ti gbó, kí ti òkè tó dé.

Àtúnṣe tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 fi hàn pé nǹkan bí 70 nínú 100 ara àwọn pákó ìta ni a ti kun bò. Ọ̀ràn wá di àríyànjiyàn: ọ̀dà òkè náà ti di ohun àtijọ́, ta ni ó láṣẹ láti fá a? Àwọn onímọ̀ fá a, nítorí pé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ṣì dára. Lójú tèmi, wọ́n tọ̀nà. Abẹ bíi ti oníṣẹ́-abẹ ni wọ́n lò, díẹ̀díẹ̀.

Ojú tí ó jáde ba àwọn kan lẹ́rù, ó sì pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín. Ẹyinjú méjèèjì kọjú síwájú bí ti ènìyàn, wọ́n ń wo ẹni tí ń wò wọ́n. Ojú tí àwọn ará 1550 kùn jẹ́ ti ẹran lásán. Láti ìgbà tí Àgùntàn náà ti padà sí kátídírà ní 2020, inú fọ́tò nìkan ni a ti lè rí ojú kejì yìí.