Iná ìkìlọ̀ tí àwọn kan ń fi pamọ́ sínú ọkọ̀ ara wọn: Kí ni òfin sọ, ta ni ó sì ń pa lára?

Ọkọ̀ jíìpù dúdú kan há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lórí afárá Third Mainland nílùú Èkó. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tó fi yàtọ̀ sí àwọn ọkọ̀ tó yí i ká. Lójijì, iná búlúù àti pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mànà láti iwájú rẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kí ó lè rọ́nà kọjá. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá tó ń lé adigunjalè. Ó sì lè jẹ́ ẹnìkan tí kò fẹ́ pẹ́ dé òde ìnáwó.

Irú ìran yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń wakọ̀ ní àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà.

Báwo ni iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Iná LED kékeré ni, ó fẹ́lẹ́, bátìrì ọkọ̀ sì tó láti gbé e. Riwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, lè fi í pamọ́ sẹ́yìn asẹ́ iwájú ọkọ̀, sínú ilé iná iwájú tàbí sẹ́yìn gíláàsì ẹ̀yìn. Bọ́tìnnì rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí awakọ̀ kò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó máa fura.

Kì í ṣe ìwà ọ̀daràn ló bí ọgbọ́n náà. Àwọn ọlọ́pàá tó ń lo ọkọ̀ tí kò ní àmì nílò rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ panápaná lè gbé iná búlúù sínú ọkọ̀ tiwọn, bí ọ̀gá wọn bá fún wọn níwèé àṣẹ. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ lásán ni iná yẹn: kò fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá nígbà tí iná ojú pópó bá pupa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà tí wọ́n pè fún ìtọ́jú pàjáwìrì lè lo iná aláwọ̀ ewé, kò sì fún òun náà láǹfààní láti rú òfin. Ti iná búlúù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i kò gbọdọ̀ ní in lára ọkọ̀ rẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ pé iná náà ti bàjẹ́.

Òfin Nàìjíríà àti Gánà ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n gbà láàyè láti lo sáírínì àti iná ìkìlọ̀ ni áḿbúláǹsì, panápaná, àwọn agbófinró tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ọkọ̀ àwọn aláṣẹ ìjọba gíga. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tíì gorí àléfà kí ó má kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Usman Alkali Baba tó wà nípò nígbà náà fòfin de nọ́ḿbà ọkọ̀ SPY, nítorí pé àwọn kan ń fi í tàpá sí òfin ìrìnnà.

Ní Gánà, ìlànà ìrìnnà ojú pópó ọdún 2012 ka àwọn tó lè lo sáírínì lẹ́sẹẹsẹ: ọkọ̀ tí olórí orílẹ̀-èdè ń lò fún iṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ ọlọ́pàá, ti panápaná, áḿbúláǹsì, àti ti àwọn iléeṣẹ́ ààbò tí ìjọba mọ̀.

Òfin wà, ìmúṣẹ rẹ̀ ló ń ṣe ségesège. Ẹni tó rí i tí ọlọ́lá kan fi iná la ọ̀nà já láì sí ẹni tó mú un, kò ní pẹ́ ra tirẹ̀. Babatunde Fashola, gómìnà Èkó láti ọdún 2007 sí 2015, wà lára àwọn olóṣèlú díẹ̀ tí aráàlú mọ̀ pé kì í lo sáírínì. Pé àwọn ènìyàn ṣì ń rántí rẹ̀ fi hàn bí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó.

Ta ni ó ń pa lára?

Iná kò lè ti ọkọ̀ kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbàgbọ́ àwọn tó rí i ló ń ṣí ọ̀nà. Awakọ̀ tó ti yà fún ayédèrú lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ lè máà mira fún ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ń rọbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lè wà nínú áḿbúláǹsì ìkẹrin yẹn. Lálẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún yíwọ́. Ẹni tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń lé bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ bóyá kí òun dúró fún ọlọ́pàá ni tàbí kí òun sá fún ajínigbé.

Ọkọ̀ náà gan-an kò bọ́. Bí riwáyà bá fa wáyà tààrà láti ara bátìrì láì fi fíùsì sí i, wáyà tó bá fara kan irin lè gbóná títí yóò fi gbiná. Ilé iná iwájú tí wọ́n bá sì lu ihò sí lè máa gba omi òjò sára.

Ohun tí òfin fún gbogbo awakọ̀

Iná ìkìlọ̀ kan ti wà nínú gbogbo ọkọ̀: pọ́íńtà méjèèjì tó máa ń ṣẹ́jú pọ̀. Ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni, pẹ̀lú sí-kọ́ṣọ̀n tí wọ́n máa gbé sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ lọ tààrà ní oríta. Bí aláìsàn bá wà nílẹ̀ ní Èkó, ẹ lè pe 767 tàbí 112. Nọ́ḿbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122.

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù tó bá irú iná bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó ní kí riwáyà tú u kúrò pátápátá láti ìdí bátìrì. Pípa bọ́tìnnì rẹ̀ nìkan kò tó.