Ìmúdọ́gba Fáìlì Yàtọ̀ sí Ìpamọ́

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Choba, ní Yunifásítì Port Harcourt, tí ó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Nígbà tí ó lọ sílé fún ìsinmi, ó fi fóònù gba ohùn ìyá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ki oríkì orílẹ̀ wọn. Ó kó àwọn ohùn náà sí orí Google Drive, ó sì ṣètò kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kí ó máa gba gbogbo ohun tí ó bá wọ inú fódà náà. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti wà níbi mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù méjì, ààyè tán lórí Drive. Ó wọ inú rẹ̀ láti orí fóònù, ó pa àwọn fáìlì tí ó tóbi jù rẹ́, ó ní wọ́n ṣáà wà lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó ṣí kọ̀ǹpútà ní alẹ́, fódà ti ṣófo.

Ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́ níhìn-ín, olè kò sì jà. Ohun tí a ní kí ètò náà ṣe gan-an ni ó ṣe. Ìmúdọ́gba, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sync, ni kí ohun kan náà máa wà lórí gbogbo ẹ̀rọ tí a so pọ̀, láìsí ìyàtọ̀. Bí a bá fi gbólóhùn kan kún ìwé lórí fóònù, yóò kún un lórí kọ̀ǹpútà; bí a bá pa orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá rẹ́, yóò parẹ́ níbi gbogbo. Ẹ̀dà tí a pa mọ́ kì í tẹ̀ lé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Bí ó ti rí ní ọjọ́ tí a ṣe é ni yóò wà títí a ó fi ṣe òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìmúdọ́gba nìkan, fáìlì kan ṣoṣo ni ó ní. Ojú fèrèsé mẹ́ta ni ó kàn ti ń wò ó.

Àwọn iléeṣẹ́ tí ó ṣe ètò yìí mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn lè ṣe àṣìṣe. Google Drive a máa tọ́jú ohun tí a pa rẹ́ sínú àpò ìdọ̀tí fún ọjọ́ 30 kí ó tó kó o dànù pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àpò ìdọ̀tí náà ṣì ń gba ààyè nínú gígábáìtì 15 tí Google ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn èyí tí Gmail àti Google Photos náà ń pín lò. Ẹni tí ó ń wá ààyè lójú méjèèjì kò ní pẹ́ tí yóò fi tú àpò náà dà.

Ọ̀rọ̀ náà kíláòdù, tí ó túmọ̀ sí ìkùukùu, máa ń jẹ́ kí a rò pé òfurufú ni fáìlì wà. Inú ilé ńlá ni ó wà, lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, iná sì lè jó ilé náà bí ó ti ń jó ilé gbogbo. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iná sọ ní ilé tí ìjọba Gúúsù Kòríà kó àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ní ìlú Daejeon. G-Drive, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó iṣẹ́ wọn sí, jóná pẹ̀lú nǹkan bíi tẹ́ráàbáìtì 858, nítorí pé kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ìgbà mìíràn sì wà tí fáìlì kò ní nù, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ibẹ̀ yóò dí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àtúnṣe sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ni ó gbé ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé lónìí kalẹ̀: kí iṣẹ́ wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí àwọn ẹ̀dà náà wà lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì jìnnà sí ilé. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Port Harcourt, èyí kò le rárá. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan wà lórí háàdì dráìfù, ọ̀kan wà lórí kíláòdù. Fúláàṣì kò tẹ́ mi lọ́rùn fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó kéré jù, a sì ń yá ara wa jù. Kí a so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a da iṣẹ́ kọ sí i, kí a sì yọ ọ́. Bí iná mànàmáná bá ya dé lójijì tàbí bí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá wọlé, ohun tí ó bá wà lára ẹ̀rọ nígbà náà ni yóò fara gbá a.

Jíjìnnà sí ilé ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àgbàrá bo ọ̀pọ̀ ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ahoada West àti Ogba/Egbema/Ndoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì dí ọ̀nà East-West. Bí kọ̀ǹpútà àti háàdì bá wà lórí tábìlì kan náà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni omi kà wọ́n sí.

Ìtàn kan láti Port Harcourt bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó kúrò ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí ti Port Harcourt ní ọdún 1977, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọ̀rọ̀ èdè Ijaw àti àwọn èdè mìíràn ní Niger Delta jọ. Orí bébà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 2005, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Roger Blench wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àkọsílẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà. Bébà lè wà nínú àpótí fún ogún ọdún kí ẹnìkan tó ṣí i, kí ó sì ṣeé kà. Àwọn fáìlì tiwa kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: Google kéde ní ọdún 2023 pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ọdún méjì lè di píparẹ́, pẹ̀lú ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ìyẹn ni orúkọ fáìlì. Nínú Unicode, lẹ́tà é lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ méjì tí a tò pọ̀. Ní ti ẹ́, kò tilẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo tirẹ̀. Títò ni a ń tò ó. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè rí i. Fáìlì tí a pè ní "Oríkì" lórí fóònù àti èyí tí a pè ní "Oríkì" lórí kọ̀ǹpútà lè tipa bẹ́ẹ̀ di méjì nínú fódà kan náà, tí a kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ tuntun. Ó dun èmi náà láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ìwé ni kí a ti fi àmì ohùn sí i pé pérépéré. Kí orúkọ fáìlì wà láìní àmì, kí ọjọ́ sì ṣáájú: 2025-08-14-oriki-iya-agba. Bí a bá tò wọ́n báyìí, èyí tí ó pẹ́ jù ni yóò wà lókè.

Ó kù kí a dán ẹ̀dà wò. Ní ọdún 1998, ní iléeṣẹ́ Pixar, àṣẹ kan tí a tẹ̀ ní àṣìṣe pa púpọ̀ nínú iṣẹ́ fíìmù Toy Story 2 rẹ́. Wọ́n ní ètò ìpamọ́, ṣùgbọ́n ètò náà ti ń kùnà láìsí ẹni tí ó fura. Ẹ̀dà tí Galyn Susman ní nílé, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ni ó gbà wọ́n. Ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a mú fáìlì kan láti inú háàdì, kí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí a ṣí i, kí a sì gbọ́ ohùn inú rẹ̀ dé ìparí.