Ológbò tí kì í jáde nílé: abẹ́rẹ́ wo ló yẹ kó gbà, èwo ló lè fi sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé dé lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa sọ pé owó mọ́tò láti Ìjànìkin dé Mile 2 ló ń dun òun, oníròyìn yìí ń sọ ti ológbò. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn wà nínú ẹ̀.

Eku pọ̀ ní àdúgbò wa yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti gba ológbò sílé nítorí ẹ̀, àwọn míì sì ń sìn ín torí pé wọ́n kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn nìyí: "Ológbò mi ti dàgbà, kì í jáde síta, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, torí owó kì í ṣe ewé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń dárúkọ fún ológbò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo wọn kọ́ ló sì ṣe pàtàkì bákan náà fún èyí tó ń gbé inú ilé. Àmọ́ ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fò ó, ìyẹn abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ "kì í jáde" yẹn wò ná. Nílùú òyìnbó, ológbò lè wà nínú fúláàtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹwàá, kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí láé. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí? Ilé tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé, tí àwọn ọmọdé ń wọlé tí wọ́n ń jáde láti àárọ̀, ta ló fẹ́ máa ti ilẹ̀kùn? Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ti ya. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, tí ooru mú, a ó ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ológbò tí ẹ sọ pé kì í jáde, ẹ lọ wò ó ní aago méjì òru. Bí òun fúnra ẹ̀ kò bá tilẹ̀ jáde, ajá àdúgbò lè tọ òórùn ẹja wọ ilé ìdáná wá.

Ajá yìí gan-an ló gbé wa dé orí dìgbòlugi. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, inú itọ́ ẹranko tó ní in ló máa ń wà. Bí ẹranko náà bá ti bu èèyàn jẹ, tàbí tí itọ́ ẹ̀ kan ojú egbò, fáírọ́ọ̀sì náà á gba ojú iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń gbà á tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì tó yọ, ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: egbò ti jinná, onítọ̀hún ti gbàgbé. Tí àmì bá ti wá yọ, tí ẹni náà ò lè gbé omi mì mọ́, kò sí oògùn tó ń wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò ẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù sì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ajá lẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ológbò." Òótọ́ ni, WHO náà sọ pé ajá ló ń kó o ran èèyàn nínú iye tó tó 99 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ wo Amẹ́ríkà. Wọ́n ti gún àwọn ajá wọn débi pé dìgbòlugi tí ajá ń ràn fúnra ẹ̀ ti tán níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń bá àrùn náà lára wọn lọ́dọọdún, ológbò ló ń ṣíwájú ajá, torí àwọn ẹranko inú igbó ṣì ní in, àwọn olówó ológbò ò sì ka abẹ́rẹ́ sí tó bí àwọn olówó ajá ṣe kà á sí. Ó sì níbi tí ológbò ti léwu ju ajá lọ nínú ilé: orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, àyà ọmọdé ló ń jókòó lé.

Ológbò tó ti dàgbà tí kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí, ẹyọ kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ gún un. Á tún gba òmíràn lẹ́yìn ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó wà lára ìgò oògùn náà la máa tẹ̀ lé: òmíràn wà tó jẹ́ ọdọọdún, òmíràn sì wà tó jẹ́ ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ bi dókítà léèrè èwo ló fẹ́ lò.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́ta-nínú-ọ̀kan. Méjì nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn àti ojú tó ń ṣepin. Ẹ̀kẹta ló le, panleukopenia lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ajá rí mọ parvo, ìbátan ẹ̀ nìyí: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, kí ẹran má lè jẹun mọ́. Ọmọ ológbò ló ń pa jù, àgbà máa ń rí ara gbé e díẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ní pàtàkì fún ológbò inú ilé ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko kó má kú, ọṣẹ lásán kò ràn án, ó sì lè bá wa wọlé nídìí bàtà. Ológbò ò jáde, àwa tá à ń jáde ńkọ́? Fún àgbà tí kò gbà á rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni, kí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin wà láàárín wọn, kí wọ́n tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Lẹ́yìn èyí, WSAVA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ọ̀sìn lágbàáyé, sọ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ti tó fún ológbò tí ewu ẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gba owó èyí lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, ti àrùn tí wọ́n ń pè ní leukaemia ológbò, ara ológbò kan ló ń ran èkejì, nípa itọ́ àti bíbu ara wọn jẹ. Tèmi nílé ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin, òun nìkan ló sì wà. Méjì àkọ́kọ́ ni mo sanwó ẹ̀, mo fi ti leukaemia sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ mú ológbò míì wálé ni, tàbí pé tèmi ń bá akọ àdúgbò jà lórí páànù, ìpinnu mi ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé abẹ́rẹ́ náà ò léwu? Ó lè rẹ ológbò fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó má fẹ́ jẹun tó bó ṣe yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù! Májèlé ni fún ológbò, kódà díẹ̀ nínú ẹ̀ lè pa á. Láti ọdún 1991 ni wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ lè yọ níbi tí wọ́n ti gún àwọn ológbò kan. Kò wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ ó wà lára ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn máa gún abẹ́rẹ́ tí kò nídìí. Tí kókó bá yọ níbẹ̀, tó ṣì wà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí tó ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tàbí tó ṣì ń tóbi sí i lẹ́yìn oṣù kan, ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju kókó lọ níbí ni fíríìjì. Àárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́ḷ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Bí iná ọba ṣe rí ní òpópónà Badagry yìí, abẹ́rẹ́ tó ti gbóná lè di omi lásán, kéèyàn sì máa rò pé òun ti wà láàbò. Nítorí náà, ẹ béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí iná bá lọ. Dókítà tó bá mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Ẹ má ra ìgò abẹ́rẹ́ fúnra yín lọ́jà kẹ́ ẹ fi náílọ́ọ̀nù gbé e wálé. Kí ẹni tó máa gún un jẹ́ dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀, kó yẹ ológbò wò kó tó gún un, torí wọn kì í gún èyí tí ara ẹ̀ ò yá, kó sì kọ ọ́ sínú káàdì.

Bí ẹranko bá bu èèyàn jẹ, ìbáà ṣe ológbò yín tó ti gba abẹ́rẹ́, ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ fi fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, omi tó ń ṣàn ló dáa jù, kẹ́ ẹ tó gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má da epo pupa tàbí ata sí i. Abẹ́rẹ́ wà fún ẹni tí ẹranko bù jẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá tètè gún un.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ àrùn dìgbòlugi lágbàáyé, ọjọ́ tí Louis Pasteur kú ní 1895, ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ ní 1885. Ìjọba Èkó ti ṣe ètò abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ajá àti ológbò rí, nítorí náà ẹ máa béèrè ní káńsù yín bí àsìkò yẹn bá ti ń súnmọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má gbé ológbò yín lọ́wọ́ lásán. Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí fún un, torí ajá ló máa kún ibẹ̀.