Igi Tí Ó Yẹ Ní Ààlà Oko àti Pápá Ẹran

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi làpálàpá ṣọgbà, nítorí pé ẹran kì í sábà fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n májèlé wà nínú ewé àti èso rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá tán, ebi lè mú kí ewúrẹ́ tàbí ọmọ màlúù jẹ ẹ́, kí ìgbẹ́ gbuuru sì pa á. Èso lárà pàápàá léwu gidigidi.

Ìyeyè ni kí ẹ gbìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó nípọn tó ọrùn-ọwọ́, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò. Ewúrẹ́ àti àgùntàn fẹ́ràn ewé rẹ̀, kò sì ń ṣe wọ́n ní ibi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka náà ga ju ibi tí ẹnu wọn lè dé, kí wọn má baà jẹ ọ̀mùnú rẹ̀ tán.

Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ jìnnà sí ààlà, nítorí pé oró inú ewé àti èèpo rẹ̀ tútù a máa pa ẹran kíákíá. Ẹ sá èèpo náà gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi bọ́ wọn. Ẹ má sì ṣe da ẹ̀ka tí ẹ bá rẹ́ sínú pápá.

Bí ẹran bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ ké sí oníṣègùn ẹran láìjáfara.