Ẹ̀rọ Apínjẹ Adáṣiṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀-Ìperí Tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí olùkọ́ yóò nílò bí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa pín ìjẹ fún ẹyẹ ìgbẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, kò yẹ kí a tún máa bèèrè bóyá a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Irú ọ̀rọ̀ tí a óò fi kọ́ ọ ni ìbéèrè tí ó kù. Èrò wa ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀yà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu lè mú kí ọmọ ṣe ẹ̀rọ tí kò ní ṣiṣẹ́.

2. Ibi tí a óò gbé ẹ̀rọ náà sí

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ìwé kan ní agbègbè Adéníji Adélé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Òpópónà náà ń jẹ́ orúkọ Ọba Adéníji Adélé Kejì, tí ó jọba Èkó láti 1949 sí 1964. Ó wà létí ọ̀sà, nítòsí ibi tí afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, ti gúnlẹ̀ sí Erékùṣù Èkó. Ilé fún mọ́ ara wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ kò wọ́n. Lékèélékèé kò ní bá wa jẹ ọkà, nítorí kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Àdàbà àti ológoṣẹ́ ni àlejò tí a ń retí. Bí a bá kàn da ọkà sílẹ̀ láàárọ̀, èkúté ni yóò jogún èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni irú èkúté kan wà tí ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969. Nítorí náà, ẹ̀rọ wa gbọ́dọ̀ pín ìwọ̀nba, kí ó sì sé ẹnu rẹ̀ dáadáa.

3. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà

(i) Àká. Kẹ́ẹ̀gì ike tí a gé ìdí rẹ̀, tí a dorí rẹ̀ kodò, tó fún iṣẹ́ yìí. Àwọn baba wa ti ní àká fún ọkà. A kò ní láti yá ọ̀rọ̀ mìíràn.

(ii) Àrọ. Èyí ni apá ìsàlẹ̀ àká tí ó fún díẹ̀díẹ̀ dé ojú ihò. Epo kì í há nínú àrọ, ṣùgbọ́n hóró ọkà a máa há. Kí ògiri àrọ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó ìwọ̀n 45 ó kéré tán, kí ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó hóró mẹ́fà. Bí hóró àgbàdo bá tó sẹ̀ǹtímítà 1, ihò yóò tó sẹ̀ǹtímítà 6. Fún ọkà bàbà, sẹ̀ǹtímítà 2.5 tó.

(iii) Ìsénu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Òyìnbó fi ń pe èyí àti géètì ojúlé. Bí a bá tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní ilẹ̀kùn, ọmọ yóò ṣe páànù tí ń fì síwájú sẹ́yìn bí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó bá ń padà, hóró yóò há sí i lẹ́nu, kò sì ní lè padé. Ohun tí a fẹ́ ni páànù pẹlẹbẹ tí a ń tì wọlé, tí a ń fà jáde, tí ó ń gé ìṣàn ọkà bí ó ti ń kọjá. À ń sé ilẹ̀kùn, à ń sé odò. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà gba méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi yan ìsénu.

(iv) Amọ́pàáyí oníná. Ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu gbogbo wa. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé mọ́tò ni ó ń fa ìsénu yóò rí i pé ọmọ yóò máa wo ojú títì. A ti ní amúlétutù, a sì ti ní amóhùnmáwòrán. Ní ìlànà kan náà, ẹ̀rọ tí ń mú ọ̀pá yí ni amọ́pàáyí. Kí a yan èyí tí ó ní àgbá eléyín tí ń dín eré rẹ̀ kù, tí ń fi agbára kún un. Apá kékeré tí a so mọ́ ọ̀pá náà ni yóò sọ yíyí di títì àti fífà. Bátìrì fóòtì 12 ni kí ó máa lò, nítorí iná ọba kì í dúró.

(v) Aago apàṣẹ àti bọ́tìnnì ààlà. Aago ara ògiri ń sọ àkókò fún ni; èyí ń pàṣẹ fún amọ́pàáyí. Bọ́tìnnì ààlà ni ìsénu ń tẹ̀ nígbà tí ó bá dé òpin ìrìn rẹ̀, kí amọ́pàáyí lè dúró.

4. Òṣùwọ̀n

Báwo ni aago ṣe lè wọn ọkà? Omi inú àgbá a máa rọra ṣàn bí ó bá ti ń fà, ṣùgbọ́n ọkà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bóyá àká kún tàbí ó dín, ìṣàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, àfi bí ó bá kù díẹ̀ kó tán. Òun ni ó jẹ́ kí àwọn ará àtijọ́ lè fi iyanrìn inú ìgò ka wákàtí. Ní 1895, Janssen, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Jámánì, ṣàlàyé pé ògiri àká ń bá ìdí rẹ̀ gbé lára ìwúwo ọkà. Nítorí náà, kí ọmọ ṣí ìsénu fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, kí ó gbé ohun tí ó jáde sórí òṣùwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 40, ìṣẹ́jú-àáyá 5 yóò fún un ní gíráàmù 200.

5. Ààlà ọ̀rọ̀ náà adáṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé, a kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ṣàlàyé pé ìsénu nìkan ni ó ń dá ṣiṣẹ́. Ibùjẹ kì í dá fọ ara rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí àrùn ẹyẹ H5N1 ti fara hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Kí a máa fọ ibùjẹ lóòrèkóòrè, kí a sì gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí ilé adìyẹ. Bí ọmọ bá gbọ́ adáṣiṣẹ́, tí ó sì rò pé iṣẹ́ òun ti parí, ọ̀rọ̀-ìperí wa ti ṣì í lọ́nà.

6. Ìkádìí

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti la ọ̀nà fún wa nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ ní ti ẹ̀rọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé, kí a tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan, kí a fún ọmọ ní páànù àti pákó, kí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, kí a sì wo ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.